Ẹkún Tí Mo Gé

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Màmá Ṣadé, àgbà òṣèré wa, pè mí láti Ìtòrí lónìí. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹnìkan gé ibi tí wọ́n ti ń sunkún nínú fíìmù tí mo ẹ́dítì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò ọkùnrin kan tí ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣé ẹkún mi wá ń pa yín lẹ́rìn-ín ni?"

Mo ní àwọn ọmọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò láàánú.

Èmi ńkọ́? Iwájú kámẹ́rà ni Màmá ti gbọ́ ikú àbúrò wọn lọ́jọ́ kan tí a ń ya fíìmù náà, tí wọ́n bú sẹ́kún. Èmi ni mo kọ́kọ́ gé e, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikú ọmọ inú fíìmù.

Àwọn èèyàn yìn mí. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá rí.