Aago Bàbá Kò Rí Ẹni Tún Un Ṣe

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Èmi Àkànní ni, àkọ́bí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Ìsọlọ̀ níbí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń gbà kí ẹ jókòó síta nírọ̀lẹ́? Mo kí Olórí Ẹbí, mo kí Àǹtí Ṣadé tó ń tọ́jú yín, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkirè. Mo kí Kọ́lá àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Òun ni mo kí gbẹ̀yìn, kì í ṣe pé mo gbàgbé ẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Mo mọ̀ pé Kọ́lá máa ń rà á, ó sì máa ń kà á sí yín létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà, ẹ̀yin náà mọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ eléyìí. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti fọ́nnu nígbà tí mo gbé aago wálé fún Bàbá, ojú gbogbo ènìyàn náà ni kí n ti sọ èyí tó kù.

Iṣẹ́ ń lọ, mo dúpẹ́. Èmi tí mo wọ Òṣòdì pẹ̀lú bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lu, tí mò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ọlọ́kọ̀ lẹ́bàá títì, èmi náà ni mo ní ṣọ́ọ̀bù táyà méjì lónìí. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Kò sì sí ẹni tó lè ta táyà gbígbẹ́ fún mi. Wọ́n á mú táyà tó ti jẹ tán, wọ́n á fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ojú ẹ̀ kó lè dà bíi tuntun. Èékánná lásán ni mo máa fi ha á, màá ní kí ẹni tó gbé e wá máa gbé e lọ. Gbogbo ọjà ló mọ̀ mí mọ́ ọn.

Òjò ọdún yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyá Bùkọ́lá, ìyàwó mi, sì ti lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ ní Kánádà, ó wá ku èmi nìkan nínú yàrá márùn-ún tí mo kọ́ fúnra mi. Mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn ènìyàn. Aago Bàbá wà níwájú mi lórí tábìlì. Òun ni kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀. Ọ̀gá kan tó ní jíìpù ló fi aago yẹn gba táyà mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Aláwọ̀ góòlù ni, ojú kéékèèké mẹ́ta wà nínú ojú ńlá, bọ́tìnnì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kì í lo bátìrì, pé bí apá ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń mì ni agbára ṣe ń wọ inú ẹ̀, àti pé òyìnbó tó ṣe é kì í ṣe púpọ̀ lọ́dún. Mo gbà á gbọ́. Mo gbé e wálé nígbà Àjíǹde ọdún kan, mo so ó mọ́ Bàbá lọ́wọ́ ní pálọ̀, mo ní kí gbogbo yín wá wò ó, pé aago yìí àti pulọ́ọ̀tì kan létí títì, ọgbọọgba ni wọ́n.

Bàbá di ọ̀rọ̀ mi mú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín nǹkan wọn fún àwa ọmọkùnrin méjèèjì kí wọ́n tó kú, wọ́n gbé ilẹ̀ wọn tó wà létí títì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bọ́ aago sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ní Àkànní fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọgbọọgba ni. Olórí Ẹbí ní kí àgbà kọ́kọ́ mú. Mo mú ilẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ lè máa rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi. Kọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní aago ló ti wu òun tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú ló ti so ó mọ́ ọwọ́. Káfíńtà ni Kọ́lá, apá ẹ̀ kì í sinmi, aago náà ò sì sinmi, títí di ọdún yìí tó dúró. Ọdún yìí náà ni onílé Kọ́lá ní kó kó jáde kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ó pè mí, ó ní òun ti gbà láti ta aago náà kí òun fi owó ẹ̀ ra ilẹ̀, àmọ́ kí n kọ́kọ́ bá òun tún un ṣe, pé mo mọ ènìyàn ní Èkó. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi, kó fọkàn balẹ̀, pé kò sí ohun tí mi ò lè rí ṣe ní Èkó.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní Bọ́ládé, lábẹ́ agbòòrùn. Ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ọwọ́ aago kékeré fò lẹ́ẹ̀kan, ó há síbẹ̀. Ó dé e padà kíá. Ó ní òun kì í fọwọ́ kan irú eléyìí mọ́, pé èyí tí òun tú kẹ́yìn, òun ò mọ bí òun ṣe máa tò ó padà. Ó ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá náà wà ní Àgọ́ Palace, ó tutù nini. Wọ́n pè mí ní Dádì, wọ́n fún mi lága. Ọ̀gá wọn wò ó tán, ó bi mí pé ta ló tà á fún mi. Mo ní kí ló kàn án, pé ṣé ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, pé mo lè ra ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tòun ti àga. Kò bínú. Ó fi èékánná ha ẹ̀yìn aago náà, góòlù bó, irin dúdú yọ. Ó ní, “Ayédèrú ni, Dádì. Kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀. Èyí tí ẹ máa ná lé e lórí ju òun fúnra ẹ̀ lọ.”

Èékánná, Màmá. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ìdí ọkọ̀ mi.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi ní Òkè-Àfá, tó ń tún aago ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀. Mo pààrà ibẹ̀ nínú òjò títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Bàbá yìí wá aago tó ti kú tó jọ ọ́, kí ó lè yọ irin eléyín inú ẹ̀ sínú tiwa, kò rí. Níkẹyìn ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí òun kó gbogbo inú ẹ̀ dànù, kí òun fi ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sí i. Ojú kéékèèké mẹ́ta yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa rà á lè má mọ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, mo ti fẹ́ gbà. Mo kàn ní kí n fọgbọ́n bi Kọ́lá léèrè lórí fóònù ni, bíi pé eré ni. Ohun tó sọ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ inú ẹ̀ o. Mi ò lè ta nǹkan tí inú ẹ̀ kì í ṣe ojúlówó fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Mo ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà mi ò gbé ìpè ẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹnu tí mo ní, kò sí èyí tó lè sọ ọ́ fún un.

Kọ́lá, ìwọ lo ń ka eléyìí sí Màmá létí. Rọra kà á, má fo nǹkan kan. Kò sí ojúlówó kankan nínú aago yẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé. Má wá ilẹ̀ rà. Lọ sí etí títì, koríko ti bo fandéṣọ̀n tí mò ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì látọjọ́ yìí. Ṣán an, kó o kọ́lé sórí ẹ̀. Olórí Ẹbí, ẹ bá mi yí ìwé ilẹ̀ náà sí orúkọ ẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i.

Ìyẹn ni mo rí ṣe. Aago ni mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí. Òun ni Bàbá wọ̀ títí wọ́n fi kú, mi ò lè dá a padà báyìí, mi ò sì lè jù ú nù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lórí tábìlì, mo so ó mọ́ ọwọ́ ara mi. Mò ń mi apá mi. Kò dáhùn.

Màmá mi, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, orúnkún yín á le, ẹ ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Kọ́lá láìpẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ sì bá mi bẹ àbúrò mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní oní-táyà.