Ojú Màmá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Inú ń bí mi gan-an.

Àbúrò mi Ayọ̀olúwa — Mo-Rí-i-Nínú-Fídíò ni n ó máa pè é níhìn-ín títí inú mi yóò fi rọ̀ — ti ba kọ̀ǹpútà ilé jẹ́. Ìrántí ọdún kan tí Màmá kú ti kù sí dẹ̀dẹ̀. A ti tẹ ojú wọn sára abẹ̀bẹ̀, sára ike, sára kàlẹ́ńdà tí a ó pín. Kò tó o. Ó ní bí a bá tan kọ̀ǹpútà, dípò àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ojú Màmá ni kó kọ́kọ́ yọ. Ó wo fídíò kan, ó wọ inú ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà lójú oorun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwòrán. Ó kù díẹ̀ kó parí, iná lọ. Ní Bè-Kpota, àdúgbò wa ní Lomé, lọ́sàn-án gangan, níbi tí iná ti ń lọ bí ẹni lọ kí aládùúgbò! Bátìrì kọ̀ǹpútà yẹn sì ti kú tipẹ́. Gbogbo wa la mọ̀.

Ní báyìí, ojú Màmá ń yọ. Ó sì ń dúró síbẹ̀. Kò kọjá ibẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 7

Mo tàn án, mo pa á, mo tún tàn án. Màmá nínú gèlè aláwọ̀ ewé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ojú yẹn ni ohùn wọn wà. Gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn nígbà àìsàn: bí wọ́n ṣe kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀lé Bàbá wá sí Lomé, orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n sin kí wọ́n tó bí mi, oríkì Bàbá tí wọ́n máa ń kì láràárọ̀. Olè ti jí fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù sí.

Mo bi Mo-Rí-i-Nínú-Fídíò pé kí ló dé tí kò bi mí kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Àǹtí Bísí, ẹ má bínú, mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni." Mo ní ó kúkú yà mí lẹ́nu, ẹnu mi ò tíì padé.

Ọjọ́bọ̀, 9

Àǹtí Mercy, àbúrò Màmá, ti gbọ́. Wọ́n gbé òróró wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fẹ́ ta á sórí kíbọ́ọ̀dù. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn.

"Ìwé ló ba orí ẹ jẹ́, Bísí. Àbí Ọlọ́run ò mọ kọ̀ǹpútà ni?"

Mo ní bó bá mọ̀ ọ́n, kò ní fẹ́ kí a da òróró sí i. Wọ́n ní àwọn á gbàdúrà fún kọ̀ǹpútà, àwọn á sì gbàdúrà fún èmi, ṣùgbọ́n tèmi ló máa le jù.

N kò mọ̀ bóyá mo ṣì gbà pé ẹnì kan ń gbọ́. Mo mọ ohun tí òróró ń ṣe fún kíbọ́ọ̀dù.

Ẹtì, 10

Mo gbé e lọ sí Baguida, ọ̀dọ̀ Jean-Paul, ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé kan, ìbátan Yorùbá ní Togo níbí, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tú u. Ó mí kanlẹ̀. "Tata, ta ló ṣe eléyìí?" Tata ni wọ́n ń pe àǹtí níbí. Mo ní ẹbí ni.

Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń rí irú ẹ̀. Ẹnìkan á fi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ síbẹ̀, ẹnìkan á fi pásítọ̀ rẹ̀, ẹnìkan á fi ìyàwó tuntun. Lẹ́yìn náà wọn á gbé òkú ẹ̀rọ wá bá òun.

Ibi tí kọ̀ǹpútà yìí ń pa nǹkan mọ́ sí lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, kò ṣeé yọ. Ọ̀nà kan ló kù: kó tún ètò ìjí-ẹ̀rọ náà kọ láti ìpilẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ohun gbogbo á padà, àwòrán Màmá nìkan ni yóò lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, àti ojú àti ohùn, ó dìgbóṣe. "Cinquante-cinquante, Tata, ìdajì sí ìdajì." Ó ń yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Mo gbé e padà sílé láti rò ó.

Àìkú, 12

Mo-Rí-i-Nínú-Fídíò lọ fi orúkọ kọ̀ǹpútà sí àkànṣe àdúrà. Kọ̀ǹpútà!

Ìṣẹ́gun, 14

Mo ti pinnu. Mo lọ bá Bàbá ní pálọ̀ láti sọ fún wọn pé Jean-Paul ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti tàn án fúnra wọn. Wọ́n ń kí i.

"Ṣé o jíire, Ìyá Bísí?"

Mo sọ tèmi. Wọ́n ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo pariwo. Mo pariwo mọ́ bàbá mi, ohun tí n kò ṣe rí. Mo ní ohùn Màmá wà níbẹ̀. Mo ní àwòrán Màmá wà lára ògiri, lára abẹ̀bẹ̀, àní lára ike tí a fi ń bu gàrí! Wọ́n dúró kí n parí.

"Ti ara ògiri ti di ògiri lójú mi. Èmi ni mo ní kí àbúrò rẹ fi í síbẹ̀, kó lè jẹ́ òun ni n ó kọ́kọ́ rí kí n tó ka ìròyìn. Ojú rẹ̀ ń sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, Bísí. Bí mo bá dijú báyìí, n kì í rí i mọ́."

Ayọ̀olúwa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti ń bú u, kò dárúkọ Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í ní ẹ̀yìnkùlé pé kí ló dé. Ó ní, "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín pé àwọn ti ń gbàgbé nǹkan."

Ọjọ́rú, 15

Inú ṣì ń bí mi. N kò kàn mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ikú. Àwọn òǹkọ̀wé a máa ṣe bí ẹni pé òkú kan náà ni gbogbo ilé jọ ń sunkún rẹ̀. Tèmi jẹ́ ohùn. Ti Bàbá jẹ́ ojú. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi sọ pé tèmi ló tóbi jù?

Mo kọ̀wé sí Jean-Paul lórí fóònù: kó má wá mọ́.

Ayọ̀olúwa ra kòlíkò wá fún mi. Nígbà tó jáde, mo jẹ iṣu dídín náà tán.

Àbámẹ́ta, 18

Bàbá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí. Mo ń nu tábìlì, mo ń retí ìkíni wọn. N kò gbọ́ ọ. Mo gbójú sókè. Wọ́n ń wo Màmá, Màmá ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́.

"Ta ni obìnrin yìí?"

Mo dárúkọ Màmá. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ̀n," irú èyí tí à ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn ẹni tí a kò mọ̀ rí fún wa.

Ayọ̀olúwa gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí mi, oríkì yẹn wà níbẹ̀? Ohùn Màmá fúnra wọn?"

Mo ní ó wà níbẹ̀. Bí ojú Bàbá kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, bóyá etí wọn á ṣì mọ ohùn.

Mo pe Jean-Paul. Ó ní, "Tata, ṣé ẹ rántí pé ó lè kú pátápátá?" Mo ní mo rántí. Mo ní kó máa bọ̀ kíá.