Láídé, Má Fọwọ́ Sí Ìwé Wọn Kó O Tó Rí Lọ́yà

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
                                        Ìjokù, Ṣàgámù,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Láídé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Pẹ̀lúmi ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Pẹ̀lúmi àti ọmọ tuntun tó bí ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọmọ náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé, pé ìwọ ìyá rẹ̀ àgbà ló jọ. Ọlọ́run á bá wa dá a sí. Àwa náà wà níbí. Ààwẹ̀ la wà, ọ̀fun mi gbẹ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ara le, àlùhámúdùlílàhì.

Iṣẹ́ tó o rán dé etí mi. O ní àjọ tó ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí kọ̀wé sí ọ, pé ẹnì kan fẹjọ́ rẹ sùn, pé kó o wá sọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá ìdí tí àwọn ò fi ní gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ. O ní Bàbá Pẹ̀lúmi àti pásítọ̀ yín ti ń múra láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wọn. Láídé, dọ̀bálẹ̀ nítorí kí ni? Kí lo jí? Jókòó, kó o gbọ́ ohun tí mi ò rójú sọ fún ọ tán lórí fóònù lọ́dún tó kọjá.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún náà ni àwọn mẹ́ta láti àjọ yẹn fi mọ́tò wá sí ilé ìgbẹ̀bí mi. Aboyún mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ńṣì. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan lé àwọn aboyún síta, èkejì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀kẹta gbé àgádágodo kọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé obìnrin kan kú síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kìíní nítorí àìbìkítà mi. Mo ní kí wọ́n dárúkọ òkú náà. Wọ́n ní tí mo bá dé ọ́fíìsì màá gbọ́.

Orí ló bá mi ṣe é pé rẹ́jísítà tí mo ń kọ orúkọ àwọn aboyún sí wà lábẹ́ apá mi. Mo ṣí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbà wọlé lọ́jọ́ kẹtàlá yẹn, Ikhlas, aránṣọ kan láti Òde Rẹ́mọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, mo kọ ìwé pé kí ọsibítù ńlá gbà á, èmi fúnra mi sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tilẹ̀kùn mi, mo wọkọ̀ lọ sí Òde Rẹ́mọ. Mo bá Ikhlas nídìí máṣíìnì, ó ń rán aṣọ ilé ìwé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún, kó tó di pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi Hussain, èyí tó ń ṣòwò obì, ló ní ká lọ bẹ̀bẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì wọn, mo ní obìnrin náà wà láàyè. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ti bébà kan síwájú mi, ó ní, "Màdáàmù, ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ jẹ̀bi, pé ẹ tọrọ àforíjì. A óò ṣí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ti ki bíírò bọ̀ mí lọ́wọ́. Láídé, mo ti kọ orúkọ mi tán kí ojú mi tó là. Tí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹni tó ń ránṣọ l'Óde Rẹ́mọ. Mo fa bébà náà ya. Mo ní, "Mi ò pa ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní kọ ọ́ pé mo pa á."

Ìgbà tá a sọ̀kalẹ̀ ní Ṣàgámù ni ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kareemat, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́?"

Ṣùgbọ́n mo ṣìṣe kan, kí ìwọ má ṣe é. Ọ̀dọ̀ Lọ́yà Bọ̀wálé ni mo gbà lọ, ẹni tó bá bàbá mi ṣẹjọ́ ilẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ó kọ lẹ́tà kan, ó ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù náà di ọ̀sẹ̀ méje. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, kí n má tàn ọ́, ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹni tó máa ń bá àwọn àjọ ìjọba fà á ni kó o wá." Òun ló júwe Lọ́yà Ilésanmí fún mi ní Ìkẹ́nnẹ́.

Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Kò tíì jẹ́ kí n jókòó dáadáa tó fi bi mí pé, "Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ti ibẹ̀ pa?" Mo sọ ọ́. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó mí kanlẹ̀. "Oṣù mẹ́ta lòfin fún wa, Mà. Ẹ ti lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Tó bá kọjá, ilé ẹjọ́ lè má gbọ́ tiwa mọ́, bó ti wù kí òótọ́ wa pọ̀ tó."

Èmi náà bi í ní tèmi. Mo ní irú ẹjọ́ yìí mélòó ló ti ṣe rí. Kò bínú. Ó ní mẹ́fà, òun jàre mẹ́rin, ó sì sọ bóun ṣe pàdánù méjì. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Láídé, lọ́yà tó bá ní òun kì í pàdánù, tàbí pé òun mọ ẹnì kan tí òun máa lọ rí ní ọ́fíìsì wọn, dìde kó o máa lọ. Iye tí Ilésanmí máa gbà àti gbogbo ohun tó máa fi ṣe, inú ìwé ló kọ ọ́ sí, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Kò sáré lọ sí kóòtù. Ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí àjọ náà pé kí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún wa ní ẹ̀dà ẹ̀sùn náà. Ó gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiwa. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn ò fèsì, ló bá wọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga. Mo ní ká gbé Ikhlas lọ fi han adájọ́. Ó ní rárá. "Adájọ́ ò ní bi yín bóyá ẹ mọ ìgbẹ̀bí, Mà. Àwọn ni yóò bi bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin, bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu yín kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Oṣù kọkànlá ni adájọ́ sọ ọ́ ní tirẹ̀: kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mi, tí wọ́n bá sì ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ bi mí, kí wọ́n pè mí kí n sọ tèmi. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rán mẹ́sẹ́ńjà sí mi. Mo ní kó mú un padà. Àwọn tó tì í ni kó wá ṣí i, lójú ọ̀sán, lójú gbogbo Ìjokù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró, wọ́n sì wá.

Oṣù kìíní yìí ni wọ́n pè mí. Èmi, lọ́yà mi, àti Ikhlas la jọ wọlé. Alága wọn ní, "Arábìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n yìí ńkọ́, ta ni?"

Ikhlas dìde, ó ní, "Èmi lòkú náà, sà."

Láídé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìwé tó dá mi láre dé lóṣù kejì.

Ìwọ tiẹ̀ sàn jù mí lọ, wọn ò tíì dájọ́ kankan lé ọ lórí. Àsìkò tó yẹ kéèyàn wá lọ́yà gan-an lo wà yẹn. Má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá náà kọjá, má sì dá èsì kọ. Tọ́jú àpòòwé tí lẹ́tà wọn wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tó dé wà lára rẹ̀. Sọ fún Bàbá Pẹ̀lúmi pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi orúnkún wọn sílẹ̀ kó sinmi.

Bá mi kí wọn, kí o kí Pẹ̀lúmi àti pásítọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi Hussain ní kí n kí ọ, òun gan-an ló ní kí n tètè kọ ìwé yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a jọ máa lọ bá Lọ́yà Ilésanmí. Wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ funfun, kó o lọ̀ ọ́ kó gún. A ò lọ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò fọwọ́ sí i,
                                        Kareemat.