Àbẹ̀kẹ́ kò gbọ́ tèmi

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Orí mi wú lónìí. Níbi tí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi, ti ń fi alùpùpù díje ní pápá tó wà lẹ́yìn ọjà Trade Fair, táyà iwájú yọ̀ ní kọ́nà. Mo figbe ta: "Àbẹ̀kẹ́, tẹ bíréèkì!" Kàkà kó tẹ̀ ẹ́ sí i, ńṣe ló rọra tú èyí tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Táyà sì tún di ilẹ̀ mú.

"Màámá, ká ní mo gbọ́ tiyín ni, ilẹ̀ lẹ̀ bá ti wá kó mi."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Bàbá Sìkírù, aládùúgbò wa, ní kí n gba alùpùpù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn báyìí? Òun ni yóò máa gbé mi lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ń lọ."