Ẹyẹ Tí Mo Lé ní Ọ̀nà Ìpetumodù

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn tí mo sì ń bá jà,

Ọyẹ́ ti mú ní Ifẹ̀. Ètè mi ti là, òrí ni mo ń fi pa á. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó wọ bàtà oko? Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í lọ oko mọ́.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Bùsọ́lá ọmọ ọmọ mi ní kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo ní rárá. Kíláàsì kẹta ni mo dé, ṣùgbọ́n ibi tí mo dé yẹn, mo dé e dáadáa.

Mo lọ wo ẹyẹ ní Sátidé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ yunifásítì kan ló máa ń kó ara wọn jọ, wọn a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápá láàárọ̀ kùtù, wọn a máa wo ẹyẹ. Wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n kàn ń wò ó ni, wọn a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bùsọ́lá wà lára wọn. Ẹyẹ kékeré kan ló ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lé lórí, ẹyẹ tó máa ń ti ìlú òyìnbó wá sá òtútù lọ́dọ̀ wa. Bí kò bá rí i ya fọ́tò lásìkò ọyẹ́ yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti lọ, kò rí i. Ibi tí wọ́n sì ń lọ wá a ni oko ìrẹsì wa àtijọ́, ní ọ̀nà Ìpetumodù. Kò sẹ́ni tó ń dá a mọ́. Koríko ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Oko yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ yọ mí nílé ìwé. Ẹ gba síléètì lọ́wọ́ mi, ẹ gbé e fún Láyí àbúrò mi, ẹ wá fi kànnàkànnà lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ̀ga ń jẹ ìrẹsì tán, ẹ ní kò sẹ́ni tó lè pariwo bíi tèmi. Láyí di akọ̀wé kóòtù. Èmi ń lé ẹyẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí kí ẹ bẹ̀ mí. Ẹ kọ́ yàrá fún mi ní Ìlódè, ẹ máa ń bu ẹran tó dára jù sínú àwo mi. Ṣé ẹ rò pé n kò rí i ni? Mo rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo fẹ́.

Nígbà tí a dé pápá, olùkọ́ wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, rọra sọ sí mi létí: “Màmá, níbí, a kì í sọ̀rọ̀ o.”

“Ta ló sọ̀rọ̀?”

Wọ́n gbé awò olójú méjì kan fún mi tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Etí awakọ̀ nìkan ni mo rí nínú rẹ̀, ó fẹ̀ bí ewé kókò. Mo dá a padà fún wọn.

Àfi bí Bùsọ́lá ṣe gbá mi lápá mú. Ẹyẹ náà rèé! Ó bà sórí koríko gíga kan, òun nìkan, ìlà funfun wà lókè ojú rẹ̀. Bùsọ́lá ń gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀díẹ̀. Ni ẹ̀ga bá dà bo koríko, bí ọgọ́rùn-ún. Bàbá mi, n kò mọ ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́.

“Háà! Háàà-hòòò! Ẹ kúrò ńbẹ̀, ẹ̀yin olè!”

Gbogbo pápá ṣófo. Arákùnrin onírùngbọ̀n kan káwọ́ lérí. “Yéè! Màmá ti pa wá!”

“Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ tán ni?”

“Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ, Màmá? Koríko?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bùsọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, kò wojú mi. Mo mọ ojú yẹn. Ojú mi ni, lọ́jọ́ tí síléètì lọ. Mo fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹ̀ga. Ṣùgbọ́n mo fi agídí ti ọ̀rọ̀ mìíràn jáde lẹ́nu.

“Bùsọ́lá, má bínú. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Ó wò mí bí ẹni pé èdè Haúsá ni mo sọ. “Màmá, ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀ mí?”

“Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ. Gbogbo yín, ẹ jókòó. Koríko gíga yẹn gan-an ni kí ẹ máa wò.”

“Màmá, ó ti lọ o,” onírùngbọ̀n ní.

“Ìwọ lo lọ. Jókòó.”

Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní kí n má fi kànnàkànnà ba ẹyẹ kékeré yìí, kòkòrò ló ń jẹ, kò fọwọ́ kan ìrẹsì wa. Mo sì ti rí i lójú ara mi nígbà náà pé bí mo bá pariwo, ẹ̀ga á sá lọ sórí igi lọ máa jà, ṣùgbọ́n eléyìí kì í jìnnà, orí koríko tó ti fò ló ń padà sí. A jókòó títí oòrùn fi la inú kùrukùru ọyẹ́ jáde. Ó padà wá. Bùsọ́lá ya fọ́tò rẹ̀, ó tún un yà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Olùkọ́ wọn bi mí pé ta ló kọ́ mi.

“Bàbá mi ni.”

N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ papò dà. Ẹ di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn, ẹ ní, “Ìyá mi, ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn…” Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ mu ẹ̀kọ yín kó tó tutù. Ẹ mu ún. Ẹ ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ni mo ń sọ fún pé ẹ kò bẹ̀ mí, n kò sì sọ ti ẹ̀kọ yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Kí lẹ fẹ́ sọ gan-an? Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí ẹ ti ń wá bí ẹ ó ṣe sọ ọ́?

N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ síléètì ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹ̀kọ dí mọ́ yín lẹ́nu, mo ti gbọ́ ọ. Mo ti gbà á. Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú sí mi.

Tiyín ni mo jẹ́ tọkàntọkàn,
Ọmọ yín obìnrin