Pátákó Tó Há sí Ẹnu Ilẹ̀kùn Stavroula

Stuttgart,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Silke ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Bremen àti òtútù ibẹ̀? Mo nírètí pé ikọ́ rẹ ti lọ, àti pé o ń jẹun dáadáa. Ara tèmi le, ọkàn ni kò sinmi. Ìgbà kẹta tí mo dìde nídìí lẹ́tà yìí nìyí, tíì mi sì ti tutù.

Ọ̀túnla ni èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Brodersen, onílé wa tuntun, máa dé iwájú adájọ́. O mọ̀ pé ó kọ̀wé sí mi pé kí n kó jáde, nítorí ọmọbìnrin òun fẹ́ gbé ilé mi. Òfin fàyè gba onílé bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ òótọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà níbí, Silke. Inú yàrá yìí ni bàbá rẹ kú sí. Ibo ni kí n wá forí lé lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin? Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí náà ló fi lé Stavroula, tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, Brodersen ní ìyá òun ló ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. Stavroula kó ẹrù lọ lóṣù kẹta pẹ̀lú omijé, a ò sì tíì rí ìyá kankan. Lójú tèmi, ó fẹ́ ta àwọn ilé náà lófìfo ni.

O rántí pátákó ọ̀sẹ̀ gbálẹ̀ wa, àṣà àwa ará Stuttgart, tí o máa ń sá fún ní kékeré. Ẹni tó bá gbá àtẹ̀gùn tán lọ́jọ́ Sátidé á gbé e kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Èmi ni mo gbé e kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn Stavroula lọ́sẹ̀ tó kó lọ, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Mo ń gbá àtẹ̀gùn fúnra mi, àmọ́ n kò fọwọ́ kan pátákó. Bàbá Ewald tó ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá ní, "Irmtraud, orí kunkun rẹ yìí á pa ọ́ lọ́jọ́ kan." Síbẹ̀ òun ló ń yà á ní fọ́tò ní gbogbo Sátidé. Brodersen, ará Hamburg tí kò mọ àṣà wa, rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí mà fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ o."

Dilan, lọ́yà ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, gba àwọn fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Màmá, òfin wa kò tíì lágbára tó. Tí wọ́n bá ti lé èèyàn jáde, kò sẹ́ni tó ń padà lọ wò bóyá ẹbí onílé wọlé lóòótọ́." Ẹgbẹ́ ń gba ìbuwọ́lùwé kí òfin lè sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di dandan. Mo gbé ìwé náà dé ilé búrẹ́dì, èèyàn mọ́kànlélógún ló buwọ́ lù ú. Mo fi ọ̀kan sínú lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́ buwọ́ lu tìrẹ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí o má ṣe wá ibi tí o máa forí pamọ́ sí tì láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò lè jókòó sójú kan,
Irmtraud.

Àfikún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun: N kò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Brodersen sọ ní kóòtù pé láti oṣù kẹta ni ìyá òun ti ń gbé ilé Stavroula. Adájọ́, ọmọ Stuttgart gidi, wo fọ́tò Ewald títí, ó wá bi í pé, "Kí ló dé tí màmá yín ò gbé pátákó fún ẹni tó kàn?" Brodersen ní, "Pátákó wo?" Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní ẹni tó purọ́ nípa ìyá rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́ nípa ọmọ rẹ̀, ó ní kí n máa gbé ilé mi. Mo délé, mo yọ pátákó lẹ́nu ilẹ̀kùn Stavroula, mo gbé e kọ́ tèmi. Mo gbá àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún Stavroula. Nígbà tí mo dé iwájú ilé rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, nítorí kò sẹ́ni tó gba tirẹ̀ padà fún un.