Ọ̀já Ọwọ́ Bàbá Fetísílẹ̀

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Bisikíìtì.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àbíkẹ́yìn tó kọ̀ tí kò gbà kí a já òun lẹ́nu ọmú? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, àfi ikùn yìí tó ń ṣáájú mi dé ibi iṣẹ́. Ọkàn mi ni kò le. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ mi ò ní ojú tí mo lè fi wò ọ́, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Bàbá rẹ sọ fún ọ pé àwọn fẹ̀yìn tì. Irọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ ló lé wọn, èmi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé náà.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣiṣẹ́: wọn a gbé irin gbọọrọ yẹn lé ara ẹ̀rọ, wọn a gbé etí lé ìdí rẹ̀, wọn a dijú, wọn a dúró gbọnin. Bó bá ṣe díẹ̀, wọn a ní, "Bẹ́líìtì ẹ̀yìn yẹn ò ní lo ọ̀sẹ̀ yìí tán o." Kì í sì í yẹ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń pè wọ́n ní Bàbá Fetísílẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ kí n tó di ọ̀gá lórí wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá pátápátá ní kí a so gbogbo nǹkan mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lẹ nǹkan pelebe bíi bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, mọ́ ààrò, mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí. Gbogbo wọn ń ròyìn ara wọn fún kọ̀ǹpútà. Mi ò ní purọ́, ó wúlò. Ààrò kì í jó bisikíìtì mọ́. Inú Bàbá gan-an dùn sí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ wàyí, etí àwọn á sinmi díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀já ọwọ́, ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ ọwọ́ bí aago, dé fún àwa òṣìṣẹ́. Ó ń ka ìrìn ènìyàn. Bí o bá dúró lójú kan ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kọ̀ǹpútà a kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ń ṣọ̀lẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so ti Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò so nǹkan mọ́ ọwọ́ mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn.

O ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá dúró fetí sí ẹ̀rọ, ọ̀lẹ ni kọ̀ǹpútà ń pè wọ́n. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, orúkọ wọn ló wà lókè pátápátá nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀lẹ. Ìwé pé kí a lé wọn dé orí tábìlì mi. Ó yẹ kí n gbé e padà, kí n ní, "Ọ̀gá, ìdúró bàbá yìí gan-an niṣẹ́ wọn." Mi ò lọ. Ẹ̀rù bà mí, torí orúkọ tèmi náà wà ní ipò kẹrin. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè.

Bàbá ò bínú. Wọ́n bọ́ ọ̀já náà, wọ́n nù ún mọ́ aṣọ wọn, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, kí àárín àwa méjèèjì má baà dàrú.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ra èso lọ kí wọn. Láti ẹnu géètì ni mo ti rí wọn lórí àga ìta, etí wọn sún mọ́ fèrèsé, wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ ìró fíríìjì inú ilé. Bí géètì ṣe dún tí wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n fò dìde, wọ́n gbá ìgbálẹ̀ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, èmi ni."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni, ọmọ mi. Mi ò tíì pẹ́ tí mo jókòó, ṣé o rí i?"

Wọn ò fi ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀ títí mo fi lọ.

Bá mi kí ìyàwó, bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe Bàbá ná. Sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Lẹ́nu mi, wọn ò ní gbà.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́,
Tínrín.